Markka 5 tọdún 1909 tí mo rà ní Helsinki: ẹ wo ẹyẹ kí ẹ tó sanwó

Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń dé ibi iṣẹ́ mi ní Kruununhaka, láàárín gbùngbùn Helsinki. Ọ́fíìsì ni mò ń tún ṣe. Kí n tó débẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gba iwájú Suomen Pankki kọjá, ìyẹn báńkì ìjọba Finland, ní òpópónà Snellmaninkatu. Ère bàbá kan wà níwájú ilé náà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gba iwájú bàbá yìí kọjá láì béèrè orúkọ rẹ̀. Òkúta tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò, nítorí ara rẹ̀ ti ṣá káàkiri, bí iṣu tí eku ti jẹ. Ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfuurufú Sófíẹ́ẹ̀tì jù ní oṣù kejì ọdún 1944 ló ṣá a bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Bàbá náà ni J. V. Snellman. Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe ra owó tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí.

Owó bébà àtijọ́ ti Finland ni, markka 5, ọdún 1909 ló wà lára rẹ̀. Yúrò 18 ni mo rà á. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí màá ra irú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, Yúrò 35 ni mo san, ohun tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi kì í ṣe ohun tí mo fẹ́. Màá ròyìn ìyẹn náà, kí ẹlòmíì má baà kó sí i.

Mo ti fẹ́ràn owó àtijọ́ láti kékeré. Ìyá ìyá mi ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, fi owó bébà ṣílè mẹ́wàá kan pamọ́ sínú Bíbélì rẹ̀, níbi Orin Dáfídì. Àwòrán ọ̀pẹ wà lára rẹ̀. West African Currency Board ló ṣe é jáde, àwọn tí wọ́n jókòó sí London láti ọdún 1912, tí wọ́n ń ṣe owó fún wa. Mo máa ń yí i síwá sẹ́yìn, n kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹyọ kan lára rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà, tí wọ́n wá kọ “Àádọ́ta Náírà” sára náírà 50, mo dúró ní Dùgbẹ̀, mo kà á sókè. Ọlọ́jà tí mo fẹ́ sanwó fún wò mí títí. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà ní owó tirẹ̀, tí èdè tirẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà, mo ní mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara mi mú un.

Mùsíọ́mù báńkì náà ni mo kọ́kọ́ lọ. Snellmaninkatu 2 ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ra owó àtijọ́ Finland gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nítorí wàá rí ojúlówó nínú gíláàsì kí oníṣòwò kankan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọ. Ìṣẹ́jú ogún ni mo rò pé màá lò níbẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn ni mo tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú owó yìí jẹ́ owó tó yẹ ní rírà. Swídìn ló ni Finland tẹ́lẹ̀. Rọ́ṣíà gbà á lọ́wọ́ wọn lógun ní 1809, ṣùgbọ́n ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kìíní, kò pa ìlú náà pọ̀ mọ́ ìyókù ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi òfin wọn àti ìsìn wọn sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń ṣàkóso ilé. Ní 1811 ni wọ́n dá báńkì sílẹ̀ ní Turku, èyí tó kó wá sí Helsinki ní 1819. Owó bébà tí báńkì náà kọ́kọ́ ṣe kò ju owó wẹ́wẹ́ Rọ́ṣíà lọ: kópẹ̀kì 20, kópẹ̀kì 50, kópẹ̀kì 75. Owó Swídìn ni àwọn ará ìlú ṣì ń ná. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ti gbà wọ́n kí owó Swídìn tó kúrò nílẹ̀, nígbà àtúnṣe 1840, tí rúbù, owó Rọ́ṣíà, fi wá dúró lóun nìkan.

Ogun Krímíà ló tú gbogbo rẹ̀ ká. Láàárín 1853 sí 1856, Rọ́ṣíà tẹ owó bébà jáde láti fi jagun, wọn ò sì fi fàdákà pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ta igi tàbí bọ́tà ní Finland, bébà tó ń jò bí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó fún un. Fabian Langenskiöld, tó ń bójú tó ètò ìnáwó nínú Sẹ́nétì wọn, fi ìrẹ̀lẹ̀ àti sùúrù tọrọ lọ́wọ́ ọba. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1860, Alexander Kejì fọwọ́ sí i pé kí Finland ní owó tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni markka, ọgọ́rùn-ún penni ló sì wà nínú ọ̀kan. Markka mẹ́rin ló jẹ́ rúbù kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣọ́ra: wọn ò sọ pé àwọn ń ya kúrò lára rúbù, wọ́n kàn ní ìdá mẹ́rin rẹ̀ làwọn fẹ́ máa ná. Nínú gíláàsì tó wà ní mùsíọ́mù yẹn, mo rí bí ìṣírò náà ṣe rí lára owó: lọ́dún 1862 wọ́n ṣe owó bébà markka 12. Ta ló ń ṣe owó méjìlá? Rúbù mẹ́ta ni, ìdí nìyẹn. Markka 20 jẹ́ rúbù 5, markka 40 jẹ́ rúbù 10. Ojú rúbù ni wọ́n ṣì fi ń ka owó tuntun, bí àwọn àgbà wa ṣe ń fi pọ́n-ùn àti ṣílè ka náírà nígbà tó kọ́kọ́ dé.

Snellman ló gé okùn náà. Ọ̀mọ̀wé ni, ẹni tó ti ń jà fún èdè Finland fún ọdún pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Swídìn ni òun fúnra rẹ̀ fi ń kọ̀wé. Ní 1863 wọ́n fi í ṣe olórí ètò ìnáwó. Ọdún yẹn gan-an ni ọba fọwọ́ sí i pé láàárín ogún ọdún, èdè Finland gbọ́dọ̀ dé ipò kan náà pẹ̀lú ti Swídìn ní ọ́fíìsì ìjọba. Ní 1865, ó gba àṣẹ pé fàdákà nìkan ni markka yóò dúró lé, kì í ṣe rúbù bébà tó ń ṣubú. Láti ìgbà náà, bí rúbù bá wọ́lẹ̀, markka kò ní bá a lọ. Mo rí markka kan onífàdákà ti 1864 níbẹ̀: ẹyẹ idì olórí méjì ti Rọ́ṣíà ló wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kìnnìún Finland wà nínú àsà ní àyà ẹyẹ náà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ yí i ká: 94,48 KAPPALETTA NAULASTA SELVÄÄ HOPEATA. Mo ní kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹyọ 94.48 ló máa jáde nínú fàdákà gidi tó wọn naula kan, ìyẹn ìwọ̀n wa àtijọ́.” Ìṣirò fàdákà tí wọ́n fi sínú owó ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ní èdè Finland, èdè àwọn àgbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yan àgbẹ̀ jẹ. Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ́.

Èmi ò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ dára. Owó tó le yẹn dé nígbà tí ìyàn ńlá ń bọ̀. Irè oko kú lọ́dún 1867, òtútù pa ohun tó kù, ó sì lé ní 100,000 ènìyàn tó kú láàárín ìyàn náà, nínú ìlú tí kò pọ̀. Títí di òní, àwọn kan ń bú Snellman pé ó di owó mú jù. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá ń kọjá níwájú ère rẹ̀ ní ìdájí. N kò tíì lè dá a láre pátápátá, n kò sì lè bú u.

Lẹ́yìn fàdákà ni wúrà. Ní 1877 ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀, markka kan sì wá jẹ́ gíráàmù wúrà 0.29, bákan náà pẹ̀lú fráǹkì ilẹ̀ Faransé. Ọ̀rọ̀ wúrà yìí ló gbé wa dé ọwọ́ owó tí mo rà.

Aláwọ̀ aró ni. Eliel Saarinen ló ya àwòrán rẹ̀, ẹni tó ya ilé ìdúró ọkọ̀ ojú irin Helsinki, níbi tí àwọn òkùnrin olókùúta gbé fìtílà dání. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ Helsinki rí mọ̀ wọ́n. Tí ẹ bá gbé owó náà súnmọ́ ojú, ẹ máa rí i pé ọwọ́ kan náà ni: ìlà tó nípọn, tó ń yí, tí kò fẹ́ràn àṣejù. Èdè mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ti Finland wà níbẹ̀, Viisi markkaa kullassa. Ti Swídìn, Fem mark i guld. Ti Rọ́ṣíà náà wà, ní álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn. Kullassa túmọ̀ sí “ní wúrà”. Báńkì ń ṣèlérí pé ẹni tó bá gbé e wá, wúrà ni wọn yóò fi san án. Mo ṣírò rẹ̀: gíráàmù kan àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ títí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fi dé. Nígbà yẹn ni Rọ́ṣíà ń fipá mú báńkì náà láti gba rúbù fún ìnáwó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, rúbù tó ń di bébà lásán lójú wọn.

Ẹyẹ idì olórí méjì náà sì wà lára owó náà. Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ rà, ibẹ̀ náà sì ni ti àkọ́kọ́ ti fìyà jẹ mí.

Nígbà tí ọba Rọ́ṣíà bọ́ lórí ìtẹ́ ní 1917, Finland yọ ẹyẹ kúrò lára owó wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò pa ọdún tó wà lára rẹ̀ dà. Nítorí náà, owó markka méjì lè wà, kí 1909 wà lára àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ìgbà ọba, kí èkejì jẹ́ ti ìgbà tí ọba ti lọ. N kò mọ èyí nígbà yẹn. Oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì náà fi àwòrán èyí tó ní ẹyẹ síta, ó kọ “1909, ti ìgbà ọba Rọ́ṣíà”. Mo sanwó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Mo ṣí i lórí tábìlì ìdáná, mo wá ẹyẹ títí. Kò sí. Mo kọ̀wé sí i, èsì rẹ̀ ni pé 1909 ni mo ní mo fẹ́, 1909 ló fi ránṣẹ́. Kò dá owó mi padà.

Èyí tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé wọ́n ti fọ owó náà. Mo rò pé tuntun ni nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá tó ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wá ra èkejì ló là mí lójú. Mo mú un lọ fún un, kò tilẹ̀ wọ awò rẹ̀. Ó kàn fi àtàǹpàkò àti ìka méjì di etí owó náà mú, ó mì ín létí rẹ̀. Ó ní, “Gbọ́.” N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mú òmíràn tó ti gbó, tó ti dọ̀tí díẹ̀, ó mì ín: ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ó ní bébà owó ní ohun tó ń mú un le, omi àti ọṣẹ ló ń gbà á lọ, ayọ́ọ̀nù ló sì ń pa á mọ́lẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ iná, kì í ṣe sí iwájú iná, ó ní kí n wò ó ní ìdùbúlẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po tẹ́lẹ̀ hàn kedere, bí àpá tí wọ́n fi pọ́dà bò. Gbogbo ohun tó kọ́ mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, inú ilé alájà kan ni, nítòsí ojú irin tíráàmù. Òórùn ìwé gbígbó ló wà níbẹ̀. Kò pe oníbàárà, kò sì yára sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí òun, kó má lọ. Ṣùgbọ́n ó kọ ipò owó kọ̀ọ̀kan sára ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀, kò sì fi ohun kankan pamọ́: ibi tó ya, ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún. Owó tèmi ní ihò abẹ́rẹ́ kan ní igun òkè lápá òsì, ó sì ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó béèrè. Ẹnì kan ti ṣẹ́ owó náà po sí mẹ́rin nígbà kan, ó pò ó dáadáa, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ká owó sí etí ìró. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ti funfun, ó sì dọ̀tí díẹ̀ níbi tí ìka ń dì í mú. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ ẹ. Ó ti rìn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ti fi ra nǹkan.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa àwọn owó Pupa, ìyẹn ti 1918. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ìjà abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, àwọn Pupa, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ̀lé ẹgbẹ́ sósíálísítì, gba Helsinki, wọ́n sì gba báńkì. Edvard Gylling ló bá wọn bójú tó owó. Wọ́n ń tẹ owó pẹ̀lú ẹ̀rọ báńkì fúnra rẹ̀, lórí bébà rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba tó padà dé ní àwọn kò mọ owó náà rí, ẹni tó bá ní i lọ́wọ́, ó ti gbé. Nọ́ńbà ara rẹ̀ nìkan lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ rò ó wò ná: obìnrin kan ta wàrà lọ́sẹ̀ yẹn, ó gba owó tó jọ ti àná láìkù síbì kan, ó sì di bébà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí nọ́ńbà. Bàbá náà yọ ìwé kan tó ti ya létí, ó fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ti owó mi wé e. Tèmi kì í ṣe ti Pupa. Ó ní bí ó bá jẹ́ tiwọn ni, iye rẹ̀ ìbá yàtọ̀, òun ìbá sì sọ fún mi.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má gbà á láìjẹ́ pé oníṣòwò ya iwájú àti ẹ̀yìn owó náà gan-an tí yóò fi ránṣẹ́ sí yín, kí nọ́ńbà hàn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó ya. Ẹ má sì fi í sínú ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n ń tà ní ibi ìwé, nítorí ọ̀rá yẹn máa ń yọ epo bó bá pẹ́, epo náà á sì wọ inú bébà lọ. Bàbá náà fún mi ní ọ̀rá líle kan pẹ̀lú owó náà, kò gba owó rẹ̀.

Yúrò 18 náà, mo fọwọ́ sí i. Wọn kò yàn mí jẹ.

Mo mú un lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì láti fi han ìyá tó sọ ìtàn ère fún mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbé awò rẹ̀ sójú. Ó ka ti Finland sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ka ti Swídìn nítorí Swídìn ni wọ́n ń sọ nílé ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé orí ti Rọ́ṣíà, ó fò ó. Ó ní bàbá bàbá òun ì bá ti ná irú rẹ̀, òun ò sì rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, àfi lọ́wọ́ èmi. Ó dì í mú títí omi wa fi gbóná.

Ẹyọ kan tó ní ẹyẹ ṣì wà nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, markka 20, aláwọ̀ ọsàn. Bí owó oṣù bá wọlé, màá padà lọ.